Ẹ̀fọ́ Inú Ìkòkò: Bí A Ṣe Ń Bomi Rin Ín Tí Kò Fi Ní Gbẹ, Tí Kò sì Ní Rà

Ohun tó ń pa ẹ̀fọ́ inú ìkòkò jù lọ kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe oòrùn. Omi ni. Ẹnì kan á rọ omi sí i láàárọ̀, á tún rọ ọ́ lálẹ́, gbòǹgbò á ti máa jẹrà nísàlẹ̀. Nígbà tí ewé bá wá ń rọ, á ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bù kún un. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ á máa fi ife omi kan ṣoṣo ta á lójú lójoojúmọ́: òkè á tutù, ìsàlẹ̀ á gbẹ táútáú. Àwọn méjèèjì ń bomi rin ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ẹ̀fọ́ rí omi mu dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìlànà tí mo dì mú kò pọ̀. Ẹ bu omi sí i títí yóò fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ títí òkè erùpẹ̀ yóò fi gbẹ kí ẹ tó tún padà sí i. Ẹ kíyè sí i pé n kò dárúkọ ọjọ́. "Lójoojúmọ́" kò sí níbẹ̀, "ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta" náà kò sí níbẹ̀. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé òkè ti gbẹ, àti bí omi yóò ṣe dé ìsàlẹ̀ ní tòótọ́, ni gbogbo ohun tó kù. Ojú ọjọ́ Ìbàdàn àti Èkó ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí bákónì ní Lọ́ńdọ̀nù lè lo ìlànà kan náà, àmọ́ ìkòkò tirẹ̀ ò ní í tètè gbẹ tó tiwa.

Ẹ yí ìkòkò dojú dé ná

Kí ẹ tó ronú kan omi, ẹ wo ìdí ohun tí ẹ fẹ́ gbìn ín sí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, kẹ́ẹ̀gì òróró tí a gé lórí, garawa, ike ńlá, kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀gbìn nínú wọn. Ọwọ́ ara wa la fi máa lu wọ́n. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 nílò ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìka ọmọdé. Ẹ fi irin gbígbóná lu ú láti inú bọ́ síta, kí ike tó bá yọ́ lè wà lẹ́yìn, kó má baà dá omi dúró nínú. Ẹ tún lu méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́, ní ìwọ̀n ìka kan sókè ìdí, torí pé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá jókòó pẹrẹsẹ lórí sìmẹ́ǹtì máa ń fi ìjókòó dí ihò ara rẹ̀. Àpò ìrẹsì àti àpò oúnjẹ adìyẹ kò ní wàhálà yìí. Gbogbo ara wọn ló ń jò, èyí náà ló sì fà á tí wọ́n fi ń tètè gbẹ.

Àṣà kan wà tí ó yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn kíkó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ìkòkò kí omi lè máa jò dáadáa. Kì í ràn án lọ́wọ́ rárá. Omi kì í kúrò nínú erùpẹ̀ tó kúnná bọ́ sínú òkúta tó ní àlàfo títí erùpẹ̀ òkè yẹn yóò fi rin gbindin. Nítorí náà, ibi tí omi ń dá sí ò kúrò nínú ìkòkò. Ó kàn sún sókè sí ibi tí gbòǹgbò wà ni. Erùpẹ̀ ni kí ẹ kó sí i láti ìdí dé òkè. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé yóò máa ṣàn jáde, ẹ gé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ti ya tẹ́ sí ìdí rẹ̀, tàbí kí ẹ fi àpáàdì bo ihò láìdí i pa.

Ní ti erùpẹ̀ fúnra rẹ̀, amọ̀ pupa tí a wà lẹ́yìnkùlé á dì gbagidi lẹ́yìn oṣù kan, yanrìn nìkan ò sì lè di omi mú. Ẹ po ilẹ̀dú ọpọ́n méjì mọ́ ajílẹ̀ tó ti jinná dáadáa ọpọ́n kan àti yanrìn odò ọpọ́n kan. Ẹ má kún un dé ẹnu. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta ni kí ẹ fi sílẹ̀ lókè, torí ibẹ̀ ni omi yóò dúró sí kó tó rí àyè wọlẹ̀. Ìkòkò tó bá kún dé ẹnu, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ ń bomi rin, kì í ṣe ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí bíríkì méjì. Lórí dẹ́kìn tí oòrùn ti ń pa láti òwúrọ̀, ooru tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ ń se gbòǹgbò, bíríkì yìí á sì jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gbà, kí omi náà sì rí ọ̀nà jáde.

Ẹ bi erùpẹ̀ léèrè

Ìka yín ni ohun èlò àkọ́kọ́. Ẹ ti ìka ìfábẹ̀lá bọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé kejì, láàárín ìdí ẹ̀fọ́ àti etí ìkòkò. Bí ó bá tutù, tí ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ dé ibi tí orí ìka dé, àkókò ti tó. Bí ó bá wà láàárín méjèèjì, ẹ wo irú ẹ̀fọ́ tó wà níbẹ̀; màá dé orí ìyẹn láìpẹ́. Ẹ má fi ojú nìkan ṣèdájọ́. Ọyẹ́ máa ń mú kí òkè erùpẹ̀ funfun nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ìrì òwúrọ̀ sì máa ń mú kí òkè dúdú lórí erùpẹ̀ tó ti gbẹ dé ìdí.

Èkejì ni gbígbé. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, nítorí náà ọwọ́ ò lè ṣàìmọ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá bomi rin ìkòkò tán tí omi rẹ̀ sì ti jò tán, ẹ fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ fi ìwúwo yẹn sọ́kàn. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa kọjá lára ìkòkò tí ẹ ó kàn fi ẹsẹ̀ tì í, tí ẹ ó sì ti mọ èyí tí omi ti tán nínú rẹ̀. Fún ìkòkò kéékèèké, mo gba gbígbé gbọ́ ju ìka lọ.

Fún àpò ńlá àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé gbé, ẹ wá igi súyà kan. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ tì í bọ inú erùpẹ̀ jìnnà, kó dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá fà á yọ. Ẹ ó rí i bí erùpẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn: apá ibi tó gbẹ á mọ́ lára igi, apá ibi tó tutù á dúdú, erùpẹ̀ á sì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò sí pé à ń méfò mọ́.

Bí a ṣe ń bù ú gan-an

N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ náwó sórí ohun ìbomirin. Bùtà tí a fi ń ṣe àlùwàlá ti tó. Ẹnu rẹ̀ gùn, omi rẹ̀ ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ sì lè kì í bọ abẹ́ ewé lọ sí ìdí láìjẹ́ pé ewé tutù. Fún irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ìdérí ike omi 75cl níbi bíi mẹ́wàá, kí ẹ máa fún ike náà díẹ̀díẹ̀. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré débi pé bí ẹ bá fi ife da omi lé e, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ kó jọ sí igun kan. Nígbà tí wọ́n bá hù tán, ẹ ó wá rí i pé igun yẹn nìkan ló ní ẹ̀fọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí ìkòkò, kí ẹ máa yí i ká bọ̀ wá sí àárín. Ẹ má da gbogbo omi sí ìdí igi ẹ̀fọ́ lójú kan. Orí gbòǹgbò tó ń mu omi jìnnà sí ìdí igi, àti pé ìdí tó bá ń tutù ṣáá ló ń kọ́kọ́ rà. Bí omi bá ti dúró lójú erùpẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ lọ sí orí ìkòkò kejì. Nígbà tí ẹ ó bá fi yí gbogbo wọn ká, ti àkọ́kọ́ á ti wọlẹ̀. Ẹ wá padà sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ìyípo kejì yìí ló ń dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí omi bá ń kán tótótó láti ìdí, ó ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kí èyí tó jò jáde jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ẹ bù sí i. Kì í ṣe òfò. Omi yẹn ló ń gbé iyọ̀ ajílẹ̀ tó ti ṣẹ́ kù jáde, torí bí iyọ̀ yẹn bá pọ̀ jù, á jó gbòǹgbò.

Mélòó wá ni? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50cl, ó sì rọrùn láti fi ṣòṣùwọ̀n. Ìkòkò tẹ̀tẹ̀ tí kò ju lítà 5 lọ lè mu ọ̀rá kan tàbí kó lé díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tòmátì tó ti so nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 lè mu ọ̀rá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi kan náà sì lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù Agẹmọ láìnílò ẹ̀kán omi kan láti ọwọ́ yín. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni iye wọ̀nyí. Erùpẹ̀ ló máa sọ èyí tó kù.

Ibì kan wà tí omi ti ń tan ni jẹ. Ẹ bu omi, kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó ti ń ṣàn jáde nísàlẹ̀, ẹ ní ó ti yó. Kò tíì mu nǹkan kan! Erùpẹ̀ tó ní ajílẹ̀ púpọ̀ nínú, tí a wá jẹ́ kó gbẹ jù, máa ń sún ara kì kúrò létí ìkòkò, kì í sì í gba omi mọ́; omi á kàn gba àlàfo ẹ̀gbẹ́ yẹn bọ́ sísàlẹ̀. Ẹ tì igi súyà bọ àárín rẹ̀ lẹ́yìn ìbomirin, ẹ ó rí i pé gbígbẹ ló jáde. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ gbé ìkòkò náà sínú báàfù, kí ẹ bu omi sínú báàfù dé ìdajì gíga ìkòkò, kí ẹ fi í sílẹ̀. Ìdí ni yóò ti máa fa omi mu. Bí òkè bá ti dúdú, ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, ẹ gbé e jáde kó jò. Èyí tí kò ṣeé gbé, ẹ fi fọ́ọ̀kì ha òkè rẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ erùpẹ̀ létí kó dí àlàfo, kí ẹ wá máa bù ú díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín.

Bí ẹ bá fi abọ́ sábẹ́ ìkòkò, ẹ da omi inú rẹ̀ nù lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gbòǹgbò tó jókòó sínú omi kò lè mí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀fọn ò nílò ju omi díẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ láti yé sí, ẹyin rẹ̀ sì lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ̀fọ́ tí a gbìn kí ara lè le, kò yẹ kó tún máa sin ibà.

Kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀, ẹ fi nǹkan bo ojú erùpẹ̀: koríko gbígbẹ, èèpo ẹ̀pà, ewé gbígbẹ, ní ìwọ̀n ìka méjì. Ẹ jẹ́ kó jìnnà díẹ̀ sí igi ẹ̀fọ́. Láàárín gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ló máa dín iṣẹ́ yín kù jù, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

Àárọ̀ ni, bó bá ṣeé ṣe

Kí oòrùn tó mú, bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án, ni àkókò tó dára jù. Ẹ̀fọ́ á ti yó kí ooru ọ̀sán tó dé, ewé tó bá ṣèèṣì tutù á sì tètè gbẹ. Ìrọ̀lẹ́ náà kò burú bí kò bá sí àyè láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìdí nìkan ni kí ẹ bù ú sí. Ewé tó tutù sùn ni àrùn olú (fungus) ń fẹ́, pàápàá lára tòmátì.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí a bá bomi rin ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án gangan, ẹ̀kán omi á jó ewé rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Ẹ̀fọ́ tí òùngbẹ ń pa ní aago méjì ọ̀sán, ẹ bomi sí ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń jó o ní tòótọ́ ni omi tó ti sùn sínú họ́ọ̀sì tàbí tànkì dúdú nínú oòrùn. Ẹ kọ́kọ́ tú ìyẹn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kó tutù kí ẹ tó gbé họ́ọ̀sì lọ sí ìdí ẹ̀fọ́.

Ẹ sì má ṣe tètè gba ewé tó rọ lọ́sàn-án gbọ́. Ugwu àti tòmátì máa ń rọ nígbà tí oòrùn bá mú jù, kódà bí erùpẹ̀ wọn bá tutù, torí pé ewé ń tú omi sáfẹ́fẹ́ kíákíá ju bí gbòǹgbò ṣe lè gbé e wá lọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún nà ró. Èyí tó bá ṣì rọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ló ní ẹjọ́ láti rò.

Ìwà ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú kì í fẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wọn. Bí wọ́n bá jìyà omi lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, wọ́n á sáré yọ òdòdó, ewé wọn á le, adùn wọn á sì dín kù. Nígbà tí òkè erùpẹ̀ wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ ni kí ẹ bù ú. Gbúre lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ torí omi tó wà lára igi rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ á kéré. Ẹni tó bá fẹ́ kí ewé rẹ̀ tóbi yẹ kó máa fún un lómi déédéé. Ewúro àti efinrin kì í yọni lẹ́nu bí wọ́n bá ti dàgbà. Ilá náà lágbára. Ugwu ò ṣeé gbìn sínú ike kékeré rárá: ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń nà kiri, àfi kó ní erùpẹ̀ tó pọ̀.

Ata rodo àti ata ṣọ̀ǹbọ̀ kórìíra ẹsẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí erùpẹ̀ gbẹ dé oríkèé kejì ìka kí ẹ tó fún wọn. Bí òdòdó wọn bá ń já sílẹ̀, omi lè ti pọ̀ jù, ó sì lè ti kéré jù. Ẹ bi igi súyà. Ooru líle náà máa ń já a.

Tòmátì ló yẹ ká dúró lé lórí, torí òun ló ń fi àṣìṣe omi hàn jù. Ẹ ti rí tòmátì tí ìdí rẹ̀, ní òdìkejì ibi tó ti so mọ́ igi, dúdú tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n jó o? Àìsàn yìí kì í ràn. Káṣíọ́mù (calcium) ni èso yẹn kò rí gbà tó, omi ló sì ń gbé káṣíọ́mù láti inú erùpẹ̀ lọ sínú èso. Bí omi bá wà lónìí, tí kò sí lọ́la, tí ó wá pọ̀ rẹpẹtẹ lọ́túnla, káṣíọ́mù kò ní í dé ibẹ̀ déédéé, bó tilẹ̀ pọ̀ nínú erùpẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sáré lọ máa gún èèpo ẹyin, ẹ tún ìbomirin yín ṣe ná. Èèpo ẹyin ń pẹ́ kó tó jẹrà, kò lè gba èso tó wà lórí igi báyìí sílẹ̀. Tòmátì tó là yẹ́ẹ́ lára lẹ́yìn òjò ńlá, ìdí kan náà ni: inú rẹ̀ wú lójijì, awọ rẹ̀ kò sì lè nà tó o.

Àmọ́ bí igi tòmátì bá rọ lójijì, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù láwọ̀, tí erùpẹ̀ náà kò sì gbẹ, ẹ má fi omi kún un. Ẹ gé igi náà nítòsí ilẹ̀, kí ẹ rọra ki ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife gíláàsì tí omi tó mọ́ gaara wà nínú rẹ̀, kí ẹ dì í mú láìmì í. Bí nǹkan funfun bíi omi wàrà bá ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti ojú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bakitéríà ti wọ inú igi. Kò ní oògùn. Ẹ kó igi àti erùpẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí àwọn tó kù, ẹ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà dáadáa, kí ẹ má sì gbin ata, ìgbá tàbí tòmátì sínú erùpẹ̀ yẹn mọ́, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n. Omi tó jò láti ìkòkò yẹn lè gbé e dé ìkòkò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Fún àwọn yòókù, ẹ fi èyí dá àmì mọ̀: ewé ìsàlẹ̀ tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, erùpẹ̀ tó ń rùn tàbí tí ewédò hù lójú rẹ̀, kòkòrò tíńtín tó ń fò nídìí rẹ̀, omi ti pọ̀ jù. Etí ewé tó gbẹ tó ń rún wómúwómú, ìkòkò tó fúyẹ́, erùpẹ̀ tó fi etí ìkòkò sílẹ̀, omi ti kéré jù. Èyí tí omi pọ̀ fún, ẹ dá ìbomirin dúró, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ yẹ ihò ìdí rẹ̀ wò bóyá gbòǹgbò ti dí i.

Omi wo la ó lò?

Omi òjò ló dára jù, omi kànga tẹ̀ lé e. Omi ẹ̀rọ tó ń rùn fún klórínì, ẹ jẹ́ kó sùn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi bọ́họ̀ tó pupa bíi irin tó dógùn-ún kì í pa ẹ̀fọ́. Ó kàn ń fi àbàwọ́n sí ewé ni, ìdí ni kí ẹ máa bù ú sí. Iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní àwọn àdúgbò etíkun Èkó, bíi Lẹ́kkí àti Àjá, omi kànga àti bọ́họ̀ mìíràn máa ń ní iyọ̀ nínú. Bí ẹnu bá mọ̀ ọ́n lómi iyọ̀, ẹ̀fọ́ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú: etí ewé á máa jó, nǹkan funfun á sì máa gbá jọ sí ojú erùpẹ̀ àti ẹnu ìkòkò. Ẹ gbe omi òjò pa mọ́ fún ẹ̀fọ́, kí ẹ sì fi omi tó dára fọ erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ìkòkò lítà 5, ẹ rọra da lítà 10 gba inú rẹ̀ kọjá kí ó ṣàn jáde.

Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà dára bí a bá lò ó lọ́jọ́ náà. Ẹ má lo omi tí ọṣẹ ìfọṣọ tàbí bílíìsì wà nínú rẹ̀, ẹ má sì lo èyí tí a fi fọ ẹran.

Òjò àti ọyẹ́

Àṣìṣe ìgbà òjò ni pé a máa ń gbà pé òjò ti bá wa ṣe é. Ìkòkò tó wà lábẹ́ òrùlé lè gbẹ nígbà tí àgbàlá kún fún omi, ewé ugwu tó bò mọ́lẹ̀ sì lè da gbogbo òjò síta ìkòkò. Ẹ fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òjò. Èyí tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ gbé bíríkì sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kó dagun, omi á jáde. Òjò tó ń rọ̀ léraléra tún ń fọ ajílẹ̀ kúrò nínú ìkòkò. Bí ewé bá ń ṣì láwọ̀ nínú oṣù Òkúdu àti Agẹmọ, tí erùpẹ̀ kò sì rùn, ajílẹ̀ díẹ̀ ló ń fẹ́. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. Àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ ti máa ń gbàgbé.

Ọyẹ́ ní ìwà tirẹ̀. Òwúrọ̀ tutù, a ò làágùn, a sì rò pé omi kò gbẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti Sàhárà wá náà ló ń fa omi kúrò lára ewé àti erùpẹ̀, tọ̀sán tòru. Ẹ kó ìkòkò jọ kí wọ́n fara kan ara wọn, ẹ sọ àwọn tó wà lórí irin bákónì kalẹ̀, kí ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọyẹ́ lè ti lọ tán, ṣùgbọ́n ooru Èrèlé àti Ẹrẹ́nà ni yóò tẹ̀ lé e, àpò ìrẹsì ò sì ní lè di omi ọjọ́ kan mú nígbà náà.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò

Fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ bomi rin wọ́n dáadáa, ẹ kó wọn sí ibòòji, ó ti tán. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gé aṣọ òwú, kì í ṣe pọ́líẹ́sítà, ní ìwọ̀n ìka méjì ní fífẹ̀. Ẹ rì í sómi kó rin, ẹ ki orí kan bọ inú erùpẹ̀ jìn tó ìka mẹ́rin, kí ẹ ju orí kejì sí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó ga díẹ̀ ju ìkòkò lọ. Ẹ bo bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nítorí ẹ̀fọn. Àwọn mìíràn ń lo okùn dírípù ilé ìwòsàn. Tuntun láti ilé oògùn ni kí ẹ rà, ẹ má gba èyí tí wọ́n ti lò lára ènìyàn.

Ẹni tó ní àpò ńlá tàbí táyà tó gbin tòmátì sí lè ra ìkòkò amọ̀ kékeré tí wọn ò kùn, irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò ń mọ ní Ìpetumodù àti ní Ìlọrin. Ẹ rì í mọ́ àárín erùpẹ̀ títí dé ọrùn, ẹ pọn omi kún un, kí ẹ sì dé e. Amọ̀ náà á máa jẹ́ kí omi rin jáde bí erùpẹ̀ àyíká rẹ̀ bá ṣe ń gbẹ sí. Ẹ kàn máa bù kún un nígbà tó bá ti fẹ́ẹ̀ tán.

Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ dán an wò nígbà tí ẹ ṣì wà nílé, torí aṣọ kan lè fa bọ́kẹ́ẹ̀tì gbẹ lóru ọjọ́ kan, òmíràn ò sì ní fa nǹkan kan. Bó bá jẹ́ aládùúgbò lẹ fẹ́ bẹ̀, ẹ má kàn sọ pé "ẹ bá mi máa bomi sí i." Ẹ mú un lọ sí ìdí wọn, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé èyí tó yó àti èyí tó gbẹ wò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara àwọn ata, kí ó mọ̀ pé kò gbọdọ̀ fún ìyẹn lómi àfi tó bá gbé e tó fúyẹ́.